Igi Àyìn, Igi Ẹ̀yìn

Ẹran tí mo kọ́kọ́ yan lẹ́yìnkùlé wa ní Ayétòrò, títì ọlọ́dà ló ń rùn. N kò bù mọ́ ọn. Mo fi sẹ́nu, mo rọra ń jẹ ẹ́, ìyàwó mi tẹjú mọ́ mi, ó ń retí ohun tí màá sọ. Ọ̀dà ti kún mi lẹ́nu. Òun náà bu díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó ní, "Dádì, gbogbo ọdún tí a ti ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, ṣé inú ẹran ni wọ́n wá dà á sí?"

Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ ẹran yíyan yìí ni mo ṣì rántí, mo sì rántí ohun tí oníkálukú ṣe. Ọdún ti gorí ọdún, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn, àfi ẹnì kan.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé ni. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú kẹ́mísìrì ní yunifásítì, mo ti ṣe tíṣà fún ọdún pípẹ́ nílùú onílùú, kí wọ́n tó gbé mi wá sí ilé ìwé girama kan ní Ayétòrò. Ilé bàbá mi ni èmi àti ìyàwó mi kó sí. Ilé Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wà lẹ́yìn tiwa. Màmá yìí ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Àgbàlá kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé méjèèjì, igi àgbálùmọ̀ kan tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló sì wà láàrin àgbàlá náà. Abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ mi ní a, bí, dí, kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni àga rẹ̀ àti rédíò rẹ̀ máa ń wà láti ọ̀sán títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí Màmá kì í kan ìlẹ̀kùn, igi ló ń lọ bá.

Èmi ní tèmi, ẹran ló wà lọ́kàn mi. Mo ti jẹ ẹran yíyan nílé ọ̀gá kan níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti wọ̀ mí lórí. Mo pinnu pé nílé tèmi náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé la ó máa yan ẹran, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi rúlà wọn bí iná yóò ṣe jìnnà sí ẹran, mo fa ọfà sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti ibi tí èéfín yóò gbà jáde. Ẹni tó bá rí ìwé náà yóò rò pé ilé ìfọpo ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Kò sí ọfà fún òjò nínú àwòrán mi.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé àgbá tí wọ́n fi gbé òróró tàbí epo pupa ni kí ó lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gbé ohun tí ẹnu kì í jẹ. Mo ní kí ó là á ní ìbú, kí ó fún un lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá irin dúdú ṣe ibi tí ẹran yóò sùn lé. Mo kìlọ̀ fún un nípa wáyà funfun. Mo ṣàlàyé pé nǹkan funfun tí wọ́n fi bo irú wáyà bẹ́ẹ̀, bí iná bá mú un gidi, èéfín rẹ̀ ń ṣe èèyàn ní ibi. Ó ní, "Tíṣà, ó ti yé mi." Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, n kò tíì rí ẹnì kan tó sọ pé ó ti yé òun tó yé lóòótọ́. Àgbá tó gbé wá ń dán bíi dígí, ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún nínú lóde, wáyà funfun náà sì tẹ́ sórí rẹ̀ rẹrẹ bí aṣọ ìyàwó. Mo ní, "Kí ló wà nínú àgbá yìí tẹ́lẹ̀?" Ó wo àgbá, ó wò mí. Ó ní, "Nǹkan ni o, Tíṣà, ṣùgbọ́n ó ti tán."

Kò tíì tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáná ńlá sínú àgbá náà láìgbé ẹran lé e, kí ọ̀dà inú rẹ̀ àti ọ̀dà ara rẹ̀ tó jó kúrò. Wáyà funfun yẹn, mo tú u, mo fi dá ọgbà fún adìyẹ, mo sì lọ ra ọ̀pá irin dúdú fúnra mi.

Ìyá eléèédú ló tẹ̀ lé e. Àpò tó tà fún mi, èédú gbàǹgbà-gbàǹgbà ló wà lókè rẹ̀, ó dùn ún wò. Abẹ́ ìyẹn, èérún. Abẹ́ èérún, lẹ́búlẹ́bú. Abẹ́ lẹ́búlẹ́bú, iyanrìn tútù. Mo ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú abọ́ mẹ́rin, mo gbé abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá.

Ó ní, "Ọkọ mi, ṣebí ẹ fẹ́ jó o ni? Èyí tó ti di eruku yẹn, ó ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́."

"Iyanrìn ńkọ́, ìyá? Ṣé iyanrìn náà ń jó?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ dán an wò."

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. N kò lè pe òjò lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú. Oṣù kẹfà, àgbá mi kún fún omi dé etí, ihò tí wẹ́dà sọ pé òun lu sí ìdí rẹ̀ kò là já. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá ọ̀pọ̀lọ́ méjì nínú rẹ̀, ara tu wọ́n, wọ́n ń kọrin. Màmá gbọ́ ohùn wọn, ó rìn wá, ó yọjú sínú àgbá.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ lẹ fẹ́ sè lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Yíyan ni, Màmá, kì í ṣe sísè."

Ó ní, "Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní bí òun bá gbà fún mi, màá gbé àgbá náà sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ewé rẹ̀ dí, òjò kì í tètè kán wọlé níbẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Igi yìí kò mu sìgá ní kékeré, kò ní fi àgbà kọ́ ọ." Mo bá a jiyàn. Mo sọ̀rọ̀ nípa èéfín àti ewé, mo pe orúkọ afẹ́fẹ́ oríṣiríṣi fún un. Ó tan rédíò rẹ̀. Inú bí mi, mo gbé ohùn sókè kí ó lè borí rédíò náà, mo ní, "Lọ́jọ́ kan ṣá, igi yìí náà yóò kúrò níbẹ̀!" Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà gbọ́ ọ, wọ́n dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí pé òun ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà kan tí a jọ ń kọ́ni, tí ó jẹ́ ọmọ apá Àfọ̀n, là mí lóye. Ó ní kí n yé ra èédú alábúlà. Ó ní igi àyìn ni kí n wá. Àyìn le bí irin, èédú rẹ̀ wúwo, kì í ta pàrà, kì í rú èéfín, iná rẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀, bí òjò tilẹ̀ fẹ́ sí i kì í tètè kú. Ó júwe agégi kan ní Àfọ̀n fún mi, tí ó máa ń so ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Mo pe agégi náà, ó wá. Mo mú un dé àgbàlá, mo fi ibi tí yóò kó igi jọ sí hàn án, lẹ́bàá ògiri. Igi àgbálùmọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń wò wá. Mo ní màá pè é láti sọ irú igi tí mo fẹ́ gan-an, nítorí pé mo ṣì fẹ́ ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà.

Kí n tó ka ìwé tán, wọ́n rán mi lọ sí Ìjòún láti lọ ṣọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá ti dé Ìjòún mọ̀ pé fóònù níbẹ̀ kì í mọ ìlú tó wà. Bí o bá kọjú síhìn-ín, Nàìjíríà ni. Bí o bá yí ọrùn díẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ti gbà á, wọ́n á sì fi Faransé kí ọ káàbọ̀. Mo dúró lórí òkìtì kan lẹ́yìn yàrá ìdánwò, mo na fóònù sókè, mo pe agégi.

"Ẹ̀gbọ́n Tíṣà! Igi wo la máa gé o?"

"Igi àyìn!"

"Igi kí ni?"

"Àyìn! Àyìn!"

Fóònù náà ké gbẹ́ẹ́. Ó ní, "Háà. Ṣé ó dá yín lójú? Igi yẹn mà tóbi o."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ náà nìyẹn! Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gé. Ẹ gé e kéékèèké, kí ẹ tò ó síbi tí mo fi hàn yín."

"Ṣé kò sí ẹni tó máa bínú?"

Mo rò pé igbó ọba ló ń bẹ̀rù. Mo ní, "Ta ló máa bínú? Ẹ gé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi!" Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà Bẹ̀nẹ̀ gba fóònù mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Màmá lọ sí Ìlaròó, ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wọn ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé láti Ìjòún lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, oòrùn gbá mi lójú. Àgbàlá náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ọ̀run ti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Kùkùté kan wà láàrin, funfun, ó ṣì ń ṣe omi. Lẹ́bàá ògiri, wọ́n to igi jọ, gígùn wọn dọ́gba, kò sí èyí tó yọrí. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn ṣe fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni wọ́n ṣe bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe é.

Màmá dé lọ́jọ́ kejì. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wọ àgbàlá, ó dúró. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé àga rẹ̀, ó gbé e padà sí ibi tí ó máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó sì jókòó sínú oòrùn.

Lójoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá tó kí i, yóò dáhùn pé, "Ẹ ṣé o. Ọmọ mi ló ń yan mí. Ẹ bá mi mú ata dání bí ẹ bá ń padà bọ̀." Ní tèmi, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tó kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ, bí mo bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ìyàwó mi ló máa ń pè. "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bi Kẹ́mísìrì pé ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ti jinná, kí n yí ìkejì sí iná." Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé àṣìgbọ́ ni. Kò sí ẹni tó gbà. Wọ́n ní ṣebí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣèlérí. Ìyàwó mi pàápàá, tí ó mọ̀ mí, rọra bi mí léèrè lórí oúnjẹ pé, "Dádì, ṣé ó dá ọ lójú pé àṣìgbọ́ ni?"

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn, ojú ewé mẹ́ta, lòdì sí agégi. Mo to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ìpele ìpele, mo buwọ́ lù ú, mo gbé e fún Màmá. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Mo padà síwájú ilé, mo jókòó. Oòrùn ń mú, obìnrin àádọ́rin ọdún ó lé ń làágùn nínú rẹ̀ nítorí ẹran mi. Mo mọ̀ pé bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn láìtíì bá mi sọ̀rọ̀, kò sí ojú ewé tí màá kọ tí yóò gbà mí.

Mo lọ mú agégi wá láti Àfọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n ló ní igi ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn ilé yìí, ni kí n gé. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn àwọn."

Mo ké. "Àyìn ni mo wí! Igi àyìn!"

"Ẹ̀yìn lẹ wí, Ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Mo gbọ́ ọ ketekete."

Màmá gbé agboòrùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí agégi gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó yíjú sí ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ ní kí Kẹ́mísìrì lọ sí òpin àdúgbò, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dáa, kó pè wá." Mo sáré lọ. Mo dúró lẹ́bàá kòtò kan, mo pè. N kò mọ̀ pé Màmá ló fi fóònù sétí.

"Igi àyìn!" mo ké.

Mo tún gbé ohùn sókè.

"Mo ní igi àyìn! Àyìn!"

Ohùn Màmá jáde, ohùn tí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Tún un sọ, ìwọ ọmọ yìí."

"Àyìn, Màmá. Igi àyìn."

Ó ní, "Ẹ̀yìn ni mo ń gbọ́."

Nígbà tí mo fi máa sáré padà dé, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "A, bí, dí! Abẹ́ igi yìí gan-an ni mo ti kọ́ ọ. Mo nà ọ́ ní pàṣán nítorí dí, mo nà ọ́ ní pàṣán nítorí gbì. N kò mọ̀ pé a, èyí àkọ́kọ́ pátápátá, ni yóò sọnù. O gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí yunifásítì, o padà wá láìní a." Ó yíjú sí agégi. "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí o rí àga lábẹ́ igi, o kò rò pé ó ní ẹni tó ń jókòó lé e?"

Agégi ní, "Mo rò ó, Màmá. Ìdí tí mo fi gbé e lọ sẹ́bàá ògiri nìyẹn, kí igi má bàa wó lù ú."

Ẹ̀rín yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Màmá ṣubú. Nígbà tó sinmi, ó nu ojú, ó sì dájọ́. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, òun kò fẹ́ ìwé. Ibòji òun ni òun fẹ́, níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ó tún ní a kò gbọdọ̀ fi èérún igi àgbálùmọ̀ náà kan dáná. Kí á fi ìtí rẹ̀ ṣe ìjókòó.

Èmi àti agégi la ri òpó tíìkì mẹ́rin mọ́lẹ̀, tí a kan páànù sí i lórí, a gbé apá kan ga ju èkejì lọ kí omi lè ṣàn. Èéfín lè gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò tíì ronú kan èéfín. Ọjọ́ tí a parí rẹ̀, Màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní ààyè ti pọ̀ jù fún èèyàn kan. Ó ní, "Gbé àgbá ọ̀pọ̀lọ́ rẹ wá." Sátidé yẹn, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ṣe é níṣẹ́. Ó ń lu páànù, àyìn tí agégi gé lọ́tẹ̀ yìí ń jó pupa lábẹ́ ẹran láìrú èéfín, epo ara ẹran ń ta ṣíọ̀ sórí iná. Ohun tí n kò rí nínú gbogbo ọfà tí mo fà ni Màmá tó jókòó síwájú mi yẹn, pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Màmá jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìkejì. Ó ní, "Tòní kò rùn bíi títì."

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí a kò yan nǹkan, àfi bí ẹnì kan bá kú. Bí agégi, ẹnì kan ṣoṣo tí mo dárí jì nínú wọn, bá fẹ́ kó igi wá, òun ló máa ń pè mí, ohun kan náà ló sì máa ń bi mí lọ́dọọdún: "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ṣé ti a ni àbí ti ẹ?"

Ọdún kejì, kùkùté àgbálùmọ̀ náà hù. Ẹ̀ka kan tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ga, ó ń ga, títí orí rẹ̀ fi kan páànù. Mo mú àdá. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé bí kò bá kúrò, yóò ba òrùlé jẹ́. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Gé páànù." Mo gé páànù. Mo yọ ihò sí i lórí, igi náà sì gba ibẹ̀ kọjá.

Màmá ti sinmi báyìí. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a kì í jókòó lé e. Igi náà ti fẹ̀ sókè páànù, ó so ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èso rẹ̀ kan lẹ́nu. Bí òjò bá ń rọ̀, omi máa ń gba ara rẹ̀ ṣàn wọlé láti ihò yẹn, a máa kán tó, tó, tó sí igun òsì àgbá mi, níbi tí iná ti máa ń dára jù. Mo mọ iye ìka tó fi jìnnà sí etí àgbá, mo ti wọ̀n ọ́n. Mo máa ń sún ẹran sí ọ̀tún. Ẹ̀sùn tí mo ní lórí omi náà pé pérépéré lọ́kàn mi, pẹ̀lú gbogbo àlàyé rẹ̀, n kò sì tíì kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.